Iná Pupa Inú Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé wá bá mi ní Àgbàdo. Ó ní òun ń ro iṣẹ́ tí òun máa kọ́, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ iná dára fún obìnrin. Kí n tó la ẹnu, ó ti ki ṣájà fóònù rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ó wo iná pupa kékeré tó tàn lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá. Iná yín dáa o." Inú bí mi gan-an.

Iná pupa yẹn kò sọ pé nǹkan dára. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé iná wà níbẹ̀. Bí awọ wáyà inú ògiri bá pé, á tàn. Bí awọ wáyà náà bá ti bó, tó sì fẹ́ gbé ọ, á tàn bákan náà. Láti Ifọ̀ títí dé Mowé, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn á mi orí, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, wọ́n á sì tún yíjú sí iná pupa.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi náà fi iná pupa yẹn ṣe àwáwí lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ojú mítà kan péré ni mo pè tí mi ò rí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìkírátù ló fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èmi àti òun ni mo jókòó láti kọ, ìyókù kàn tẹ̀lé e ni.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Ọmọ Ìkìrun ni mí, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi wá sí Àgbàdo nígbà tó gba yàrá kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo mọ ìṣirò, ẹ̀gbọ́n mi sì mọ Ọ̀gá Tìjání, ẹni tó ń wá obìnrin tí yóò kọ́ níṣẹ́. Owó tó ń fún mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ Ọ̀gá Tìjání ni dídán wáyà ilé wò. Ní ẹ̀yìn ọdún 1970 yẹn, kí wọ́n tó so iná mọ́ ilé tuntun, ẹni tó ní láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ dán wáyà ibẹ̀ wò, kó kọ nọ́ńbà tí irinṣẹ́ bá fi hàn ní yàrá kọ̀ọ̀kan sínú fọ́ọ̀mù, kó sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó le tó Ọ̀gá lórí fọ́ọ̀mù yẹn, àfi níbì kan. Ilé ẹlẹ́hàá pọ̀ ní Ifọ̀, ọkùnrin kì í sì í wọ yàrá àwọn ìyàwó ilé. Bí Ọ̀gá bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀, á dúró ní pálọ̀, á bi baálé ilé pé, "Iná pupa sọ́kẹ́ẹ̀tì inú lọ́hùn-ún tàn nígbà tí oníwáyà fi jẹnẹrétọ̀ dán an wò?" Baálé ilé á ní ó tàn. Ọ̀gá á kọ ọ́ pé ó dára.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin tó lè fi odindi òwúrọ̀ bá oníwáyà jà nítorí súkúrúù kan tó dẹ̀, òun ló ń fọwọ́ sí yàrá tí kò wọ̀ rí. Ó mọ̀ pé kò dára, ó sì ń dà á láàmú. Ìdí tó fi wá obìnrin nìyẹn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníná pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà náà ni. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní ju ihò mẹ́ta àti bàbà díẹ̀ lọ. Ti tuntun yìí ní nǹkan nínú: gílóòbù kan tí kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, àti ọ̀pá tín-ín-rín kan tí wọ́n kun ìlà aláwọ̀ sí lára, tó ń dín agbára iná kù kí gílóòbù náà má bàa jó. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ kọjá àlà. Onílé tí kò ní fíríìjì, tí kò ní fáànù, á ra mẹ́fà sí pálọ̀ kan ṣoṣo kí iná pupa lè yí àlejò ká.

Èmi ò tètè fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Oṣù mẹ́fà ni mo fi jókòó ní ẹ̀yìnkùlé Ọ̀gá, níwájú garawa omi. Á ri wáyà márùn-ún sínú omi, á ti fi abẹ́rẹ́ gún awọ ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn níbi tí ojú kò lè tó. Èmi ni mo máa sọ èyí tó gún. Irinṣẹ́ tí mo fi ń wá a ni mẹ́gà, àpótí dúdú kan tó wúwo, tó ní ọwọ́ tí a ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá yí i, á ti iná líle gba inú wáyà. Bí awọ wáyà bá pé, abẹ́rẹ́ ojú mítà á lọ síbi tó ga jù. Bí awọ náà bá ti bó, abẹ́rẹ́ á wó sápá òdo.

"Nọ́ńbà mélòó?" Ọ̀gá á bi mí.

"Ó dára, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dára. Nọ́ńbà mélòó?"

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Bí mo bá ní ó tó ogójì, á ní "tó" kì í ṣe nọ́ńbà. Bí mo bá ní mo rò pé ogójì ni, á ní kí n lọ rò ó nílé. Mo máa ń sunkún, mo sì máa ń bú u nínú lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mi ò lè wo aago mọ́ láì sọ ìṣẹ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àpò kàn. Òfin Ọ̀gá ni pé ẹni tó bá ń fọwọ́ kan nǹkan iná, ọwọ́ kan ni kó lò. Bí ọwọ́ méjèèjì bá kan nǹkan, iná lè wọ ọwọ́ kan kó gba àyà jáde lọ́wọ́ kejì, àyà sì ni ọkàn wà. Àwọn ọkùnrin á ki ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò. Èmi, ìró àti bùbá ni mò ń wọ̀. Ọ̀gá ní kí n lọ rán àpò síwájú bùbá mi, lápá òsì, kó tóbi tó kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo ní àwọn ènìyàn á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n rín in." Wọ́n sì rín in lóòótọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo Ifọ̀ fi ń pè mí ní Alápò.

Ìyọnu tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì oníná pupa ni pé gílóòbù inú rẹ̀ so wáyà méjèèjì pọ̀. Bí o bá yí mẹ́gà láì kọ́kọ́ tú u kúrò, abẹ́rẹ́ á wó, o ò sì ní mọ̀ bóyá gílóòbù ló wó o tàbí awọ wáyà tó bó. Nítorí náà, títú ni. Ká tú súkúrúù ojú, ká fa sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, ká tú súkúrúù inú, ká ya wáyà sọ́tọ̀, ká wọn ọ́n, ká tún dè é padà. Ilé kan lè ní ogún. Ogún iná pupa tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo sì ń tú gbogbo wọn pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Ilé Alàájì Sálíù ní Ifọ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Alàájì ń ta pákó, ó ní ìyàwó méjì, Ìyá Ràfíù tí í ṣe ìyálé, àti Sìkírátù tí kò jù mí lọ. Ẹlẹ́hàá ni àwọn méjèèjì. Ìgbà ọyẹ́ ni, gbogbo ògiri gbẹ táútáú. Ọ̀gá jókòó pẹ̀lú Alàájì ní pálọ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù sórí itan, èmi sì wọlé lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni àpò. Ìyá Ràfíù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí lo ń kó sínú ẹ̀? Ẹ̀pà?"

Mo ṣàlàyé fún wọn, bí iná ṣe lè gba àyà kọjá. Ìyá Ràfíù ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Sìkírátù gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí."

"Ọ̀gá mi ni, mà."

"Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún wa. Àwa la ń gbé ibí láti àárọ̀ dalẹ́."

Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mẹ́ta bó ṣe yẹ, mo ké nọ́ńbà wọn sí Ọ̀gá ní pálọ̀, ó kọ ọ́. Yàrá Sìkírátù ló kẹ́yìn, ògiri kan náà sì ni òun àti balùwẹ̀ jọ ní. Ìṣó ńlá kan wà lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ tí Sìkírátù máa ń fi táwẹ̀ẹ̀lì kọ́. Mo fi báàgì mẹ́gà mi kọ́ ọ. Ẹ rántí ìṣó yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún gbígbé báàgì mi.

Alàájì ti fi ọ̀dà òyìnbó kun ògiri, ó kun sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, súkúrúù sì ti lẹ̀ pa. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kò yí. Mo wá fi irin ẹnu wáyà mẹ́gà kan ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì báyẹn láì tú u, mo yí i, abẹ́rẹ́ sì wó. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé gílóòbù ni. Gílóòbù ló máa ń wó o, ṣé mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní pálọ̀, Alàájì ń sọ pé òun fẹ́ lọ sí Owódé Ẹ̀gbá, ọkọ̀ ń dúró. Ọ̀gá pariwo láti ọ̀hún pé, "Àṣàkẹ́, nọ́ńbà mélòó?"

Mo ní, "Àádọ́ta, sà."

Nọ́ńbà yàrá tó ṣáájú ni mo pè. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì so iná mọ́ ilé. Iná pupa yàrá Sìkírátù tàn dáadáa.

Nígbà tí òjò dé, ògiri balùwẹ̀ fa omi mu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Sìkírátù wẹ̀ tán, ó fi táwẹ̀ẹ̀lì tútù kọ́ orí ìṣó, iná inú ìṣó sì gbá a mú. Kò lè já ọwọ́ kúrò. Ìyá Ràfíù ló gbọ́ ohùn tí kò dà bí ohùn ènìyàn, ó gbé ọmọ odó ó fi lu ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ká ní Ìyá Ràfíù jáde lọ́jọ́ yẹn ni, òkú la ò bá bá.

Wọ́n ránṣẹ́ sí wa, a sì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n kó àwọn obìnrin sí yàrá Ìyá Ràfíù kí Ọ̀gá lè wọlé. Ó fa ìṣó náà yọ, ó gbẹ́ ògiri. Ìṣó ti gba àárín wáyà méjèèjì kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri, ó ti ha awọ wọn méjèèjì. Ohun tó wó abẹ́rẹ́ mi lulẹ̀ nìyẹn. Mo ti fi báàgì kọ́ ọ.

Ọ̀gá wo ojú súkúrúù sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé ọ̀dà ṣì bò ó. Ó wo fọ́ọ̀mù.

"O tú u?"

"Mi ò tú u, sà."

Mo ń retí èébú. Mo fẹ́ èébú náà. Ó jáde lọ bá Alàájì ní pálọ̀, mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Èmi ni kẹ́ ẹ mú." Alàájì sọ ohun tó fẹ́ sọ sí i, Ọ̀gá, àgbàlagbà, sì dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó jáde síta, ó ní, "Yàrá tó wà yẹn, èmi ò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ lo lè wọlé. Lọ sọ fún un."

Ìyẹn ni iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe láyé mi. Sìkírátù dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, súkúrúù, ọ̀dà, àádọ́ta.

Ó wo ọwọ́ tí wọ́n dì náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Iná pupa yẹn ń tàn nígbà tó mú mi. Mò ń wò ó." Ó tún ní, "Nọ́ńbà mélòó lo rí gan-an?"

"Mi ò rí nọ́ńbà kankan. Abẹ́rẹ́ wó."

Ó yíjú sí ògiri. Ìka méjì nínú ọwọ́ náà kò nà mọ́ láti ìgbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ké nọ́ńbà sí pálọ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbé inú yàrá ni mo máa ń pè pé kó wá wo abẹ́rẹ́, kó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí ìwé tí mo ya ojú mítà sí, níbi tó ti rí abẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ọ́kọ, ṣùgbọ́n ta ni kò lè fa ìlà? Ọ̀gá gbà á, kò sì fọwọ́ sí yàrá tí kò ní ìlà. Àwọn oníwáyà kórìíra mi nítorí ẹ̀. Wọ́n ní mò ń fi àkókò ṣòfò, wọ́n ní obìnrin ilé kò mọ nǹkan kan nípa iná. Ní Ìbàfọ̀, ọkùnrin kan tó ń lo jẹnẹrétọ̀ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì oníná pupa mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kànga nítorí pé ó dùn ún wò láti ojú ọ̀nà. Mo ní kó yọ wọ́n. Ó bi mí pé, "Ṣé kò tàn ni?" Mo jókòó sórí ètè kànga náà, mo di orí mú.

Irinṣẹ́ ti yí padà láti ìgbà náà. Ọwọ́ yíyí lọ, bátìrì dé, lẹ́yìn náà èyí tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Nǹkan tí wọ́n ń kó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti pọ̀ ju gílóòbù lọ: òmíràn ń pa ara rẹ̀ bí iná bá ń jò, òmíràn ní ihò tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù tààrà. Bí o bá fi mẹ́gà kan irú ìyẹn láì tú u, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Lórí títú náà la ṣì wà. Ohun tí kò yí padà ni ẹni tó máa dúró lórí rẹ tí á ní, "Ṣebí ó ń tàn."

Mo fi ti Mowé sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìṣó yẹn. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà ńlá tó lọ sí Ìbàdàn, Alàájì Sálíù kọ́ ilé tuntun sí Mowé. Kò fẹ́ rí wa. Ó pe ẹlòmíràn, ẹni náà fọwọ́ sí gbogbo yàrá láàárín wákàtí kan. Ni Sìkírátù bá ní òun kò ní sùn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fà á. Níkẹyìn, Alàájì fúnra rẹ̀ wá sí Àgbàdo, ojú rẹ̀ kò dùn.

Ó ní, "Ìyàwó mi ní kí Alápò wá. Mo bi í pé ṣé kò sí ẹlòmíràn ni. Ó ní ìwọ nìkan lo ti sọ òótọ́ yàrá rẹ̀ fún òun rí."

Mo lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníná pupa ni gbogbo ilé, mélòó kan nínú yàrá kan ṣoṣo, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Oníwáyà tó ṣe ilé náà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Àǹtí, ó ti tàn níbi gbogbo, kí lẹ tún ń wá?" Mo ní kó lọ pa iná ilé. Mo tú gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé yàrá Sìkírátù, mo rí i pé kò sí ìṣó kankan lára ògiri. Okùn ló so láti fèrèsé dé fèrèsé fún aṣọ.

Mo fẹ́ tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n wò ó." Mo yí mẹ́gà, ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Abẹ́rẹ́ lọ sí ìpẹ̀kun, ó dúró síbẹ̀. Ó ní kí n tún un yí. Mo tún un yí. Ó fi ọwọ́ òsì fa ìlà sórí ìwé, ìlà náà wọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ló wà.

Mo dè é padà, wọ́n tan iná, iná pupa tàn. Kò wò ó. Ó lọ gbé áyọ́ọ̀nù wá, ó ká ẹ̀há rẹ̀ sẹ́yìn, mo sì rí àpò ńlá kan tó rán sí iwájú kaba rẹ̀, lápá ọ̀tún. Ó ki ọwọ́ tó jóná bọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó wá fi ọwọ́ òsì ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dúró kí ó gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ yàrá náà, mo sunkún, kò sì dá mi dúró.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tó wá bá mi ní Àgbàdo. Bó bá ṣì fẹ́ kọ́ iṣẹ́, kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ rán àpò sí aṣọ rẹ̀.